Ahọ́n Bàbá Mi àti Iyùn Mẹ́fà

Iyùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sọ́rùn. Ní Warri níbí, bí o bá dárúkọ iyùn, ọrùn ìyàwó àti ọrùn olóyè ni ọkàn gbogbo èèyàn ń lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wa pé iyùn ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀ọ́ bá òun fọ tòun, ó ti ń ṣá. Mo ní, mà, iyùn tèmi ń jẹun. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹranko ni iyùn. Ó pẹ́ kí èmi gan-an tó gbà. Bí o bá mú èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan, òkúta ni o máa rò pé o mú, àfi tí o bá fi í sínú omi, tí o jókòó tì í, tí o kò sì kánjú. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹnu kéékèèké yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là lára òkúta náà, ẹnu tí kò lóǹkà, ìka wẹ́wẹ́ bí irun á sì yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á máa wá ohun tí wọn yóò jẹ nínú omi. Òkúta yẹn, àwọn ló kọ́ ọ. Bàbá kọ́ tirẹ̀, ọmọ kọ́ tirẹ̀ lé e, ọmọọmọ tún kọ́ tirẹ̀ lé e, títí yóò fi di òkè lábẹ́ òkun, tí ẹja oríṣiríṣi yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ iyùn kì í gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewé tín-tìn-tín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ayálégbé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn dáná, wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún onílé. Àwọn náà ló fún iyùn ní àwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, tí ó sì pẹ́ kó tó tutù, àárín onílé àti ayálégbé á dàrú, iyùn á lé wọn jáde, á sì funfun báláú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé èyí tó funfun ti kú. Kò tíì kú. Ebi ló ń pa á. Ó lè yè é, ó sì lè má yè é, bí òkun ayé sì ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkè iyùn ń funfun káàkiri. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sunkún, èmi tí n kì í sunkún bọ̀rọ̀. Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ilé ẹja wó.

Ọ̀gá mi jẹ́ ìyá Urhobo kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nípa ohun ẹlẹ́mìí inú omi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó sọ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Effurun di ibi ìwádìí, èmi nìkan sì ni òṣìṣẹ́ rẹ̀. Iyùn mẹ́fà la ní. Inú àpótí dígí ńlá kan ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, nínú pálọ̀ ilé àlejò kan tí wọ́n fẹ́ tì pa. Ooru ti bà wọ́n jẹ́, gbogbo wọn ti funfun, wọ́n sì ti fẹ́ kó wọn dà sórí ààtàn nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú korobá méjì, ó sì kó wọn wálé lórí itan rẹ̀. Ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti lóye: iyùn tí ayálégbé rẹ̀ ti lọ, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú ara rẹ̀, bí a bá ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, ṣé ó lè fara dà á títí àwọn ewé yẹn yóò fi tún kún ilé? Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kú mọ́ wa lọ́wọ́, kò sí ibi tí a ti máa rí òmíràn. Omi ẹrẹ̀ ni omi ìhà ọ̀dọ̀ wa, iyùn tó ń kọ́lé kò lè gbé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti bọ́ wọn. Rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú ni mo fi ń kán ọmọ edé tí ojú ń wá kó tó rí sórí ẹnu wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ní gbogbo àárọ̀. Wọ́n á rọra dì í mú, wọ́n á pa ẹnu dé. Mo ti tọ́ àbúrò méjì, kò sí èyí tó jẹun láìbínú bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń pààrọ̀ apá kan nínú omi wọn. Iyọ̀ tí wọ́n ń pò láti fi ṣe omi òkun, òkè òkun ló ti ń wá, èyí tí a sì ń retí kò dé. Ọ̀gá mi béèrè bóyá mo mọ ẹni tó lè bá wa bu omi òkun gidi, nítorí pé oúnjẹ wẹ́wẹ́ wà nínú ìyẹn. Mo ní, “Ma, my papa dey.”

Ìlàjẹ ni wá. Etí òkun ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n létí odò ní Ogunu ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, tí àwọn àbúrò mi sì ti lọ, èmi nìkan ló kù pẹ̀lú bàbá mi nínú ilé. Àwọ̀n ti ń wúwo lọ́wọ́ wọn, ó ti di kí wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, kí wọ́n máa wo ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn bó ṣe ń lọ. Ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ omi fún wọn, wọ́n dìde lórí àga náà, wọ́n sì lọ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n yára bẹ́ẹ̀.

Ní ìdí iṣẹ́ tiwọn, ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ omi. Kí wọ́n tó ju àwọ̀n, àgbà inú ọkọ̀ á ti ọwọ́ bọ omi, á fi kan ahọ́n, á dákẹ́ díẹ̀, á tu ú dànù, á wá sọ̀rọ̀. Ẹja omi iyọ̀ kì í bá ti omi dídùn gbé, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí odò parí sí, tí òkun ti bẹ̀rẹ̀, á ju àwọ̀n títí ọwọ́ á fi bó. Bàbá mi ni àwọn ọkọ̀ mìíràn máa ń pè bí àríyànjiyàn bá dé. Wọ́n á tọ́ omi wò, wọ́n á ní òjò ti rọ̀ lókè odò ní ìjẹta, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo bàbá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwa fi ń mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ ni awò kékeré kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Èèyàn á kán omi sórí dígí rẹ̀, á gbé e sójú kọ ìmọ́lẹ̀, ibi tí àwọ̀ búlúù bá ti pàdé funfun ni nọ́ńbà iyọ̀ wà. Márùndínlógójì ni a ń fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ tí bàbá mi bu omi dé, mo wọ̀n ọ́n létí odò lẹ́yìn wọn, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ márùndínlógójì géérégé. Ìgbà kẹta ni wọ́n yíjú padà bá mi.

“Kí ni o ń wò nínú ìyẹn?”

Mo ní iyọ̀ inú omi ni.

“Mo ti tọ́ ọ wò,” ni wọ́n wí.

Wọn kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn tẹrí ba, wọ́n ń so okùn ọkọ̀ tí wọ́n ti so tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń tú àpò bàbá rẹ̀. Mo ju awò náà sínú báàgì, n kò sì wọn omi wọn mọ́, kì í ṣe níwájú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn wọn.

Ìwé kan wà níbi iṣẹ́ tí a ń kọ gbogbo nǹkan sí: ọjọ́, ooru omi, iyọ̀, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n. Lábẹ́ iyọ̀, mo ń kọ márùndínlógójì. Lábẹ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n, mo ń kọ orúkọ mi. Irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe jẹ́. Nígbà náà, ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Láìpẹ́ sí i ni dókítà sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ń ru, kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Èmi kò dín in kù, mo kó o kúrò nílé pátápátá. Bí mo ṣe rí nìyẹn, n kò mọ díẹ̀díẹ̀ ṣe. Mo gbé iyọ̀, mo gbé magí, mo kó gbogbo rẹ̀ fún aládùúgbò wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ata, àlùbọ́sà àti ewé efinrin se ọbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá mi béèrè bóyá èmi àti àwọn ń jà ni. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kí àwọn kú, kí n sọ ọ́ tààrà. Nígbà tó di oṣù kejì, wọn kò ráhùn mọ́. Lọ́jọ́ kan mo ra búrẹ́dì wọlé, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n sì gbé e sílẹ̀. “Ta ló da iyọ̀ sínú búrẹ́dì báyìí?” Mo jẹ nínú rẹ̀, búrẹ́dì lásán ni. Mo rò pé wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ èyí tó kù.

Òjò wá dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun máa ń wọlé bá odò, kò sí ìdí láti jìnnà kí èèyàn tó rí omi tó níyọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, odò á máa ti òkun padà, ẹni tó bá fẹ́ omi iyọ̀ gidi á ní láti gba ẹnu odò kọjá lọ sínú agbami. Ibi tí bàbá mi yóò dúró sí bu omi, ahọ́n wọn ló máa sọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì dé, tí wọ́n ń fi ohùn Ìlàjẹ wa béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọma mi, àwọn ọmọ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́?”

Mo máa ń dáhùn pé wọ́n wà dáadáa, òótọ́ sì ni nígbà kan. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀, bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì púpọ̀ sí. Àwọn ayálégbé ń padà bọ̀. Ọ̀gá mi ti fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ti ra súyà fún mi. Lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹnu wọn kò là mọ́ bó ṣe yẹ. Mo kán oúnjẹ sí wọn, ó ń ṣàn kọjá. Wọ́n ń yọ ikun funfun kan tó ń fà nínú omi. A yí iná wọn padà. A mú omi tutù sí i. A pààrọ̀ oúnjẹ, a tún dá a padà. Ọ̀gá mi jókòó síwájú àpótí dígí náà, ó ń fi ọwọ́ họ orí.

“Salt nko?” ló bi mí.

“Thirty-five, ma.”

“Na you measure am?”

“Yes, ma.”

Mo wo ojú rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti gbà pé bí bàbá mi bá ti tọ́ ọ wò, a ti wọ̀n ọ́n náà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó ti ń pọ́n kú. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ẹran ara rẹ̀ sì tú sínú omi bí ẹ̀kọ tí a pò, ó ku òkúta nìkan. Ọ̀gá mi kò tíì jáde láti inú ilé. N kò mọ ohun tó mú ọwọ́ mi lọ sínú báàgì, àfi bóyá pé kò sí nǹkan mìíràn tó kù tí a kò tíì ṣe. Mo kán omi àpótí náà sórí dígí awò. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo nu dígí náà, mo tún un wọ̀n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì tí bàbá mi bù dé lánàá, ìyẹn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sì jẹ́wọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó ń fi ìka tọ àwọn márùndínlógójì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“All this one, you no measure am?”

“No, ma.”

“If you tell me say you no measure, I for measure am myself. That one for still dey alive.”

Kò pariwo. Ó ní kí n lọ bọ́jú mi. Nígbà tí mo padà dé, ó gbé rúlà àti báírò lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fa ìlà sórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí mo kọ láìwọ̀n, kí n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a kò wọ̀n ọ́n. Ó jókòó tì mí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà la gbé fáànù kọ ojú omi àpótí náà, kí omi máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ kí iyọ̀ máa gbéra, nítorí pé bí a bá kánjú, ìyẹn gan-an yóò pa àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n omi tuntun ṣì gbọ́dọ̀ dé, ọwọ́ bàbá mi ló sì ti ń dé.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Bí mo bá sọ fún wọn pé ahọ́n wọn ti ṣì wá lọ́nà, wọ́n á padà sórí àga ẹnu ọ̀nà yẹn, n kò sì rò pé wọ́n tún máa dìde níbẹ̀. Mo ti rò ó láti pa irọ́ mìíràn, pé iyọ̀ òkè òkun ti dé, a kò nílò omi mọ́. Mo dé inú kẹ̀kẹ́, mo ṣe ìdánrawò rẹ̀. Kí n tó dé Ogunu, ó ti sú mi. Irọ́ kan ti pa ẹ̀mí kan.

Ìgò kékeré kan wà tí ọ̀gá mi tọ́jú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú omi àkọ́kọ́ tí bàbá mi bù, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n, márùndínlógójì ni. Mo gba díẹ̀ nínú rẹ̀ wálé. Mo gbé ife mẹ́ta síwájú wọn: omi mímu, omi kẹ́ẹ̀gì àná, àti omi ẹ̀ẹ̀rùn. N kò sọ èyí tó jẹ́ èwo. Mo ní kí wọ́n bá mi tọ́ wọn wò. Ojú wọn mọ́lẹ̀, inú wọn dùn pé mo wá béèrè. Wọ́n fi ìka kan ahọ́n, wọ́n tu ú, wọ́n sì to ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí èyí tí kò níyọ̀ dé orí èyí tó níyọ̀ jù. Wọn kò ṣì í.

“Èwo ni òkun?” ni mo bi wọ́n.

Wọ́n fọwọ́ tọ́ka sí omi kẹ́ẹ̀gì.

“Èyí tó kángun ńkọ́?”

“Ẹnì kan da iyọ̀ sí ìyẹn ni. Bíi ti búrẹ́dì ọjọ́sí.”

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Kò sí ohun tó ṣe ahọ́n bàbá mi. Ó mú ju tìgbà tí mo wà ní kékeré lọ. Ẹni tí kò fi iyọ̀ kan ẹnu fún ìgbà pípẹ́, díẹ̀ ni yóò dà bí púpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo kó iyọ̀ kúrò nínú ìkòkò wọn nítorí kí wọ́n má kú ni mo sún òkun sún mọ́ ilé fún wọn. Mo kó ohun tí wọ́n fi ń wọn ayé kúrò lọ́wọ́ wọn, mo sì tún ní kí wọ́n bá mi wọn omi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo sọ ti búrẹ́dì, mo sọ ti irọ́ tí mo kọ sínú ìwé. Wọ́n ń wo ife mẹ́ta náà.

“Ó ti kú?”

“Ọ̀kan ti kú, Bàbá.”

“Èwo nínú wọn?”

“Èyí tó tóbi. Èyí tí mo ní ó ti ń pọ́n.”

Wọ́n mú ife tó kángun, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó tu ú dànù. Wọ́n wá ní, “Dá iyọ̀ mi padà fún mi.”

Mo ní kí ni?

“Fún oṣù méjì péré. Kí ahọ́n mi padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o tún kó o lọ.”

Bí inú bá bí mi, Yorùbá máa ń sá fún mi lẹ́nu, Pidgin ló kù. “Papa, I no go gree. Coral, na five remain. Papa, na one I get.” Mo ti dìde, mo ń pariwo lé bàbá mi lórí nínú ilé wọn, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí n jókòó.

“Ta ni yóò wá máa bu omi fún ọ?” Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè rẹ̀, mo sì fa báàgì mi sọ́dọ̀. Mo mú awò jáde. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kán omi sí i. Ojú òsì kò rí i, ojú ọ̀tún ló rí i. Wọ́n gbé e kọ fèrèsé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ka nọ́ńbà náà síta, ó sì pé.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni nǹkan yìí ń sọ?”

Mo ní omi tí kò níyọ̀ rárá ni a kọ́kọ́ ń kán sí i. Bí kò bá wà lórí òdo, a ó yí ìdè kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sórí òdo. Ìyẹn wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Wọ́n ń yí awò náà lọ́wọ́.

“Èyí gbà kí wọ́n dán òun wò,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni kò dán mi wò.”

Mo ní mo rò pé mo ti rí wọn fín lọ́jọ́ náà létí odò.

“Mò ń retí kí o bá mi jiyàn ni. Kí o ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó. O kàn ju nǹkan rẹ sínú báàgì, o sì dákẹ́. Ọma mi, àgbà tí wọn kò bá bá jiyàn mọ́, wọ́n ti ń sin ín nìyẹn.”

Wọ́n pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, wọ́n sì mu omi mímu inú ife kìíní tán, wọ́n ní iyán wọn ti tutù.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé awò náà wọ inú ọkọ̀, wọ́n fi aṣọ wé e. Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, wọn kò gbé kẹ́ẹ̀gì fún mi létí odò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bùbá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ̀ lé omi náà dé Effurun.

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí wọn, bí òun náà ti dàgbà tó. Ó ti gbé òkúta èyí tó kú sórí pẹpẹ kan lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá mi kò béèrè ohun tó jẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀, ibi tí àwọn ẹnu yẹn ti wà, wọ́n sì rọra gbé e padà. Wọ́n wá jókòó síwájú àpótí dígí. Mo ní kí wọ́n má kánjú. Apẹja kọ́ ni a ń sọ irú ìyẹn fún. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún la ẹnu, ẹnu mẹ́ta, ẹnu mẹ́wàá, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí imú wọn fi kan dígí. “Ẹ kú ìrọ́jú,” ni wọ́n sọ fún wọn, bí ẹni tó ń kí aláìsàn.

Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lójú omi.

“Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ahọ́n mi ti ní kí n dúró ṣáájú ibẹ̀, mo ní kó ní sùúrù.”

Mo gba awò, mo kán omi sí i, mo gbé e sójú. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá mi ti ṣí ìwé sílẹ̀, báírò sì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan péré ni, kò tó nǹkan, bàbá mi sì wà níbẹ̀ nínú bùbá wọn, níwájú ọ̀gá mi. Inú mi mọ ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ kọ. Mo ní, “Bàbá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo rí.”

“Irọ́ ni.”

“Ẹ wá wò ó.”

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n sì wò mí. “O kò kán omi tí kò níyọ̀ sí i kí o tó bẹ̀rẹ̀.”

Òótọ́ ni, n kò ṣe é. Wọ́n fi etí bùbá nu dígí náà, wọ́n ní kí n gbé omi tí kò níyọ̀ wá. Kò sí lórí òdo. Ó ti fi ọ̀kan lọ sí ìsàlẹ̀, bóyá kẹ̀kẹ́ ló mì ín. Wọ́n yí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn, ó bọ́ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi.

“Tún un wọ̀n. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ.”

Mo tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Mo kọ ọ́. Lábẹ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n, mo kọ orúkọ bàbá mi, mo sì kọ tèmi tẹ̀ lé e.